Àga Kan Tí Ìṣó, Gọ́ọ̀mù àti Irin Kò Lè Mú Dúró: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe

Àga mẹ́fà ló yí tábìlì ìjẹun náà ká, ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Igi líle ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn, ẹni tó sì ṣe wọ́n mọṣẹ́. Kò kan ìṣó kankan mọ́ wọn. Ihò àti ahọ́n ló fi so wọ́n pọ̀: ahọ́n ni orí igi tí a gé tín-ín-rín kí ó lè wọnú igi mìíràn, ihò sì ni ojú onígun mẹ́rin tí a gbẹ́ sára igi kejì láti gbà á. Gọ́ọ̀mù ló di méjèèjì mọ́ra. Irú àga bẹ́ẹ̀, bí ohunkóhun kò bá dà á láàmú, ó lè pẹ́ láyé ju ẹni tó rà á lọ.

Ẹni tó ni àwọn àga yìí kì í ṣe káfíńtà. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ni, tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́, tó ní ayùn, òòlù, dírílì àti àpótí irinṣẹ́ tó kún dáadáa nílé, tó sì ti fúnra rẹ̀ kan pẹpẹ ìwé àti àpótí bíi mélòó kan. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé gbogbo ohun tó ṣe kí àga náà tó dé ọ̀dọ̀ mi kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni, mo sì ti rí káfíńtà tó fi iṣẹ́ yìí jẹun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ̀yìn ti àga náà, á dún kẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó dojú àga dé, ó fọwọ́ mi ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ibi tí igi ìdábùú ẹ̀gbẹ́, ìyẹn igi tó wà lábẹ́ ibi ìjókòó láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ti wọnú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní apá ọ̀tún ti dẹ̀. Ojú àlàfo kan tó tó kí bébà wọlé ti là níbẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí oríkèé tó ń jìyà lára àga tó oríkèé yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan fẹ̀yìn ti àga, tó sì fi agbára tó dọ́gba pẹ̀lú ẹrù kílò 20 ti orí ẹ̀yìn àga náà. Orí ẹ̀yìn yẹn fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 ga ju ibi tí a jókòó sí lọ. Ahọ́n tó wà nísàlẹ̀ tó ń dènà kí ẹ̀yìn má ṣubú kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ìlọ́po mẹ́sàn-án ni 45 sí 5, nítorí náà, agbára kílò 20 lókè di nǹkan bíi 180 nísàlẹ̀. Oríkèé ọ̀tún àti tòsì pín in, ó ku 90 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tún gbé ẹsẹ̀ iwájú àga kúrò nílẹ̀, tó ń fì sẹ́yìn sẹ́yìn bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe, ó ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ìṣó ló kọ́kọ́ lò. Ó fi gígùn rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kọjá, ó gún ahọ́n tó wà nínú. Àga náà dákẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó dá a padà sí ìdí tábìlì, wọ́n sì ń jókòó lé e. Kò pẹ́ tí kẹ́ẹ́ padà, ó sì wá dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí ni pé ìṣó kan ṣoṣo kò lè dá igi dúró kó má yí. Ṣe ló di ibi tí igi náà ń yí lé lórí. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀yìn bá fì, ahọ́n á yí díẹ̀ lára ìṣó, irin á máa họ igi, ihò ìṣó á máa fẹ̀. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé ibi tó sún mọ́ orí igi ló ti kàn án, ìṣó náà sì la igi ìdábùú díẹ̀ tẹ̀lé iṣan rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn fọ́nrán igi tọ̀ ní gígùn, láì jẹ́ pé ó hàn sí ojú nígbà yẹn.

Ó wá gbé gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù funfun tí gbogbo wa ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní PVA, ló rọ sínú àlàfo náà. Ó fi okùn dì í, ó sì jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ó ṣe dáadáa níbi dídì. Ibi tí kò ti ṣe dáadáa ni pé kò tú oríkèé náà kó tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ ṣì wà lára ahọ́n àti lára ihò, ó ti gbẹ, ó ń dán. Gọ́ọ̀mù funfun ń lẹ̀ mọ́ igi nítorí pé ó ń wọnú àwọn ihò kéékèèké tó wà lára igi. Níbi tí gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá ti bo àwọn ihò yẹn, tuntun kò rí ibi wọ̀, orí òkè ló máa dúró sí. Kò sì mọ bí a ṣe ń dí àlàfo. Igi méjèèjì ní láti fẹnu kan ara wọn kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Bí a bá da á sínú àyè tó fẹ̀, bó ṣe ń gbẹ ni á máa súnkì, á sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà tí gọ́ọ̀mù náà fi í sílẹ̀, ó lọ ra irin onígun, méjì méjì fún igun kọ̀ọ̀kan, ó sì fi sikúrúù dì wọ́n mọ́ inú àga níbi tí ojú kò ti ní rí wọn. Èmi ò fẹ́ràn irin yìí rárá lára àga. Kì í ṣe pé kò lágbára. Ó lágbára ju igi tí a dì í mọ́ lọ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi máa ń wú, ó máa ń súnkì. Irin kì í bá a ṣe é. Gbogbo agbára tí ahọ́n ń pín káàkiri ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá wọ orí sikúrúù kéékèèké mélòó kan. Àwọn sikúrúù náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, igi ìdábùú tí ìṣó ti là díẹ̀ sì wá là dáadáa, tó fi jẹ́ pé ìka ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n.

Títí dé ibí yìí, ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ àtúnṣe tí a kò ṣe dáadáa lásán ni. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé àga kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí, bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́ẹ́. Ní oríkèé kan náà. Ìgbà yẹn ni ó gbé méjèèjì wá.

“Ọ̀gá, ẹ wò ó, ṣé kì í ṣe gọ́ọ̀mù tí mo lò ni ayédèrú?”

“Gọ́ọ̀mù yín ò ní àbùkù, sà. Kò rí igi dì mú ni. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, ibo ni àga méjèèjì yìí máa ń wà nínú ilé?”

Ó rò pé mo ń bá a ṣeré. Mo tún un béèrè. Ó ní wọ́n wà ní ìdí fèrèsé, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń wọlé. Mo yí àga àkọ́kọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì hàn gbangba: àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti ṣá ju ti òsì lọ. Mẹ́rin tó kù, ibi tí oòrùn kò dé ni wọ́n wà, kò sì sí èyí tó ń mì nínú wọn.

Mo dojú àga náà dé. Gbogbo ibi tí ojú ń rí ni wọ́n fi fáníṣì kùn dáadáa, ó ń dán. Ṣùgbọ́n inú àwọn igi ìdábùú àti abẹ́ ibi ìjókòó, igi lásán ni. Ẹni tó ṣe é kò kùn ún nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wò ó. Èyí kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára, nítorí fáníṣì kò lè dá omi dúró pátápátá. Ṣe ló ń jẹ́ kí ó máa rọra wọlé, kó sì máa rọra jáde. Ṣùgbọ́n igi tí a kùn ní ojú kan tí a fi ojú kejì sílẹ̀, ojú tí a fi sílẹ̀ ni á máa mu omi, òun náà ni á sì máa tètè gbẹ.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé òun ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀.

Igi tí a ti gé, tí a ti sá, tí a ti fi ṣe àga, kò dẹ́kun mímu omi láti inú afẹ́fẹ́ àti dídá a padà. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá dúró sí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìgbà pípẹ́, omi inú igi á wá dúró sí nǹkan bíi ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá gun òkè dé 80, omi inú igi á sún mọ́ 16. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀ sí 30, á wá sí bíi 6. Bí omi yìí ṣe ń pọ̀ tó ń dín ni igi ń wú tó ń súnkì, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́gbọọgba. Ní ìbú iṣan rẹ̀, ó ń yí padà dáadáa. Ní gígùn iṣan rẹ̀, ìyípadà náà kéré débi pé a lè sọ pé kò sí.

Ẹ wá wo oríkèé àga pẹ̀lú ojú yìí. Igi ìdábùú wà ní ìbúlẹ̀, ẹsẹ̀ wà ní òró. Gíga ahọ́n, ìyẹn mìlímítà 50 yẹn, ìbú iṣan igi ìdábùú ni. Gígùn ihò tó gbà á, gígùn iṣan ẹsẹ̀ ni. Nítorí náà, ahọ́n ń wú, ó ń súnkì. Ihò dúró sí ibi tó wà. Fún ọ̀pọ̀ igi líle, bí omi inú rẹ̀ bá fi ìdá kan yí padà, ìbú rẹ̀ á fi nǹkan bíi 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún yí padà. Láti 9 dé 16 jẹ́ ìdá méje. Ahọ́n mìlímítà 50 á fẹ́ fi nǹkan bíi mìlímítà 0.7 ga sí i. Kò sì sí àyè fún un nínú ihò.

Kí ni ahọ́n á ṣe? Á fi ara rẹ̀ ti òkè àti ìsàlẹ̀ ihò, àwọn fọ́nrán igi tó wà létí rẹ̀ á sì fọ́ mọ́ra. Kò sẹ́ni tó máa rí i lóde. Àga náà á tilẹ̀ le dan-in ní ìgbà tí ọ̀rinrin pọ̀. Ìgbà tí ó bá tún gbẹ ni ahọ́n yẹn á súnkì, àmọ́ kì í ṣe sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀. Á kéré jù ú lọ, nítorí pé àwọn fọ́nrán tó ti fọ́ kò ní wú padà. Ọdún mìíràn á dé, á tún fọ́ díẹ̀, á tún kéré díẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó wà láàárín wọn á máa já fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ títí tí oríkèé fi máa dẹ̀. Oòrùn ìdí fèrèsé ló ń jẹ́ kí àga méjì yẹn gbẹ ju mẹ́rin tó kù lọ, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi kọ́kọ́ dẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ti lo òòlù tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ ti rí èyí láì mọ̀. Wọ́n á ní ká rì í bọ omi. Ọwọ́ igi náà á wú, orí irin á dì pinpin, iṣẹ́ á lọ. Lọ́jọ́ tó bá gbẹ tán, á tún dẹ̀ ju bó ṣe wà kí a tó rì í lọ, kí orí òòlù má sì lọ fò lu ẹnì kan. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin náà sọ fún mi pé ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn láti fi aṣọ tútù wé oríkèé àga náà mọ́jú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe dán an wò.

Ìṣó, gọ́ọ̀mù, irin: gbogbo wọn, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá. Oríkèé náà gbọ́dọ̀ di títú.

Mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sí ahọ́n àti sí ẹsẹ̀ níbi tí kò ní hàn lẹ́yìn tí a bá tò ó padà. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Igi ìdábùú ọ̀tún àti tòsì máa ń jọra lójú, wọn kì í sì í jọra nínú ihò. Lẹ́yìn náà, mo tú àwọn sikúrúù, mo yọ irin, mo sì wá ìṣó. Orí rẹ̀ ti rì wọnú igi, ó ti dípẹtà, mo ní láti gbẹ́ etí rẹ̀ díẹ̀ kí ìfatu tó lè bá a. Ẹni tó bá gbàgbé ìṣó nínú oríkèé, tó wá ń fi òòlù lu igi kó lè jáde, á rí i bí ẹsẹ̀ ṣe máa là sí méjì.

Kí a tó fi ohunkóhun tú gọ́ọ̀mù, ó yẹ ká mọ irú èyí tó jẹ́. Mo kán omi gbígbóná sí èyí tó yọ jáde létí oríkèé. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sè láti ara awọ ẹran máa ń rọ̀ padà, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Èyí funfun lára, ó rọ̀ bíi rọ́bà, kò sì lẹ̀: PVA ni, ti ìṣáájú àti ti èyí tí ọkùnrin náà rọ sí i. Ooru àti ọtí kíkan gbígbóná ń rọ̀ ọ́. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i, mo fi abẹ́rẹ́ rọ ọtí kíkan sínú àlàfo, mo dúró, mo tún un ṣe. Òòlù onírọ́bà ni mo fi lù ú, mo sì fi pátákó kan sáàárín kí ojú igi má bàa bàjẹ́. Bí mo ṣe ń lù ú díẹ̀díẹ̀ ni mo ń yí i síwá sẹ́yìn, títí tó fi jáde.

Òkè àti ìsàlẹ̀ ahọ́n náà ń dán, ó le, ó sì dúdú díẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì ṣì rí bí igi ṣe ń rí. Ẹ̀rí nìyẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ mọ́. Mo fi kálípà wọ̀n ọ́n: ihò náà gùn ní mìlímítà 50, ahọ́n ga ní 48.8. Ihò fẹ̀ ní 10, ahọ́n nípọn ní 9.5. Mo gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, mo ní kó fi ìka pa òkè rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń fi ìka lọ bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀nà mélòó kan ló wà níwájú wa. A lè fi epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù alápá méjì tí a ń pò pọ̀ kó tó le, dí àlàfo náà. Epoxy yàtọ̀ sí PVA, ó mọ àlàfo dí, kì í sì í súnkì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oríkèé yẹn bá tún fẹ́ ṣí, ẹni tó bá máa tún un ṣe á ṣépè fún wa. Ọ̀nà kejì ni kí a gé ahọ́n dànù, kí a gbẹ́ ihò sí orí igi ìdábùú náà, kí a sì fi ahọ́n tuntun tó dá dúró sáàárín méjèèjì. Ọ̀nà kẹta ni kí a fi abala igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ ojú ahọ́n méjèèjì, kí ó padà nípọn bí ó ṣe yẹ. Mo yan ìkẹta fún oríkèé tí igi rẹ̀ ṣì dára, mo sì yan ìkejì fún èyí tí ìṣó àti sikúrúù ti bàjẹ́, nítorí pé ahọ́n tó ti là láti ìdí kò ní agbára mọ́, bó ti wù kí a fi abala igi kún un tó.

Fífọ ihò ló gba àkókò jù. Mo gbé síṣẹ́ẹ̀lì dúró lóròó, mo fi ẹnu rẹ̀ họ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, mi ò fi gé igi. Sánpépà kò dára níbí. Ó máa ń yí etí ahọ́n po, tó fi jẹ́ pé àárín nìkan ló máa kan ògiri ihò. Abala igi tí mo lẹ̀ mọ́ ojú ahọ́n jẹ́ irú igi kan náà, iṣan rẹ̀ sì tọ ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ti ahọ́n, kí wọ́n lè máa wú kí wọ́n sì máa súnkì pọ̀. Mo jẹ́ kí ó nípọn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, lẹ́yìn tó gbẹ ni mo wá ń fi ìfági fá a díẹ̀díẹ̀, mo ń fi wọ̀, mo ń yọ.

Ibí yìí ni èmi àti ọkùnrin náà ti jiyàn. Ó fẹ́ kí ahọ́n náà fún débi pé òòlù ló máa gbé e wọlé. Ó gbà pé èyí tó bá fún jù ló máa pẹ́ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ahọ́n tó bá fún jù á ha gọ́ọ̀mù kúrò lára ògiri bó ṣe ń wọlé, á tì í sí ìsàlẹ̀ ihò, ìgbà tó bá sì wú, ẹsẹ̀ á là. Èyí tó dára ni èyí tí a fi ọwọ́ tì wọlé, tí a bá sì gbé igi náà sókè, tí kò ní já bọ́ fúnra rẹ̀. Ní òkè àti ìsàlẹ̀, ibi tí àwọn fọ́nrán ti fọ́, mi ò fi igi kankan dí i, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ahọ́n máa rí àyè wú sí. Ojú méjèèjì ló ń di àga mú, kì í ṣe etí. Mo fi bíi mìlímítà 2 sílẹ̀ ní ìdí ihò pẹ̀lú, kí gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́kù lè rí ibi lọ.

Igi ìdábùú tó là, mo fi ọ̀bẹ tín-ín-rín ṣí ẹnu rẹ̀ díẹ̀, mo rọ gọ́ọ̀mù tí mo fi omi díẹ̀ là sínú rẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń tú u sílẹ̀ kí ó lè mu ún wọlé, títí tí gọ́ọ̀mù fi yọ ní òdìkejì. Mo wá fi kíláǹpù dì í. Ihò sikúrúù, igi gbígbẹ́ ni mo fi dí wọn, mi ò lo ẹ̀búrú gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun ayùn tí àwọn ènìyàn máa ń pò. Ìyẹn kì í gba sikúrúù, ojú lásán ló ń tàn.

Kí n tó fi gọ́ọ̀mù kan ohunkóhun, mo tò gbogbo àga náà ní gbígbẹ, mo dì í, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni mo tú u, tí mo kun gọ́ọ̀mù sí ojú ahọ́n àti sí inú ihò, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ kan nìkan. Okùn ni mo fi yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, mo fi igi kékeré kan sínú rẹ̀, mo ń lọ́ ọ títí okùn fi fún. Ìyẹn máa ń fa gbogbo oríkèé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì nílò kíláǹpù gígùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó lè fa àga wọ́. Mo wọn igun sí igun lókè ibi ìjókòó, ìwọ̀n méjèèjì sì fi mìlímítà 6 yàtọ̀ síra. Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ. Mo dẹ okùn, mo sún un, mo fi kíláǹpù kan dábùú igun tó gùn jù, mo fà á wálé títí méjèèjì fi dọ́gba. Mo gbé àga náà lé orí tábìlì iṣẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo wò bóyá ẹsẹ̀ kankan gbókè. Kíláǹpù lè kúrò lẹ́yìn bíi wákàtí kan, àmọ́ a kò gbọ́dọ̀ jókòó lé e kí ó tó pé wákàtí 24.

Ní ipò irin onígun, mo gé igi mẹ́rin tó jẹ́ onígun mẹ́ta, mo fi gọ́ọ̀mù àti sikúrúù dì wọ́n mọ́ inú igun kọ̀ọ̀kan, iṣan wọn gba àárín igun kọjá láti ìdábùú kan sí èkejì. Wọ́n ń pín ẹrù náà káàkiri ojú tó fẹ̀, wọn kò sì fi í sórí ojú kan ṣoṣo. Mo wá kun fáníṣì sí gbogbo inú tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀, àti abẹ́ ibi ìjókòó.

Àga kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò tíì bá a ṣe ohunkóhun. Títú, fífọ, abala igi, gọ́ọ̀mù, ó parí. Bí a bá wo àkókò tó gbà mí, èyí tó pọ̀ jù lára àga àkọ́kọ́ ló lọ sórí yíyọ àtúnṣe ìṣáájú kúrò, kì í ṣe sórí àrùn rẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí fún owó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé àga wá pé kí ni ó ti fi sínú oríkèé náà, kí ẹ tó dá iye tí ẹ máa gbà lé e.

Nígbà tó dá wọn padà sílé, ó gbé tábìlì náà kúrò ní ìdí fèrèsé. Àwọn méjèèjì ti la ìgbà òjò kan kọjá báyìí láì dún. Ó padà wá bá mi, ó fẹ́ kí n tú mẹ́rin tó kù, kí a fi abala igi kún ahọ́n wọn ṣáájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo kọ̀. Mo fi ọwọ́ mi àwọn oríkèé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi bébà wá àlàfo, kò wọlé níbì kankan. Oríkèé tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń di igi mú, kò ní jáde láìṣe pé a fipá mú un, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ igi ni yóò ya dípò gọ́ọ̀mù. Mo kun fáníṣì sí inú wọn, mo sì ní kó máa fi bébà yẹ̀ wọ́n wò nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù lọ lọ́dún, nítorí ìgbà yẹn ni oríkèé tó bá dẹ̀ máa ń fi ara hàn.